Ẹsẹ Bíbélì tí kálukú máa ń sáré kà: ìrírí mi nínú àríyànjiyàn lórí ọ̀run àpáàdì

Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí Kristẹni kan dúró sí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì, má wulẹ̀ bi í léèrè. Gbé Bíbélì fún un, ní kó ka 1 Kọ́ríńtì 15:22 síta, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kú nínú Ádámù, bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ gbogbo wọn di alààyè nínú Kristi, kó sì ka Mátíù 25:46 tẹ̀ lé e, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ìyà àìnípẹ̀kun. Èyí tó bá fara balẹ̀ kà, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló wà. Èyí tó bá kà bí ẹni tí òjò ń lé, ibẹ̀ ni kò fẹ́ kí a dúró sí.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn àgbà ni mo ń darí nínú ìjọ wa, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá dá gbọ́nmi-si omi-ò-to sílẹ̀. Mo ti rí i tí ìbéèrè bóyá obìnrin lè jẹ́ àlùfáà mú kí ẹni méjì tó jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin má kí ara wọn mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbóná tó èyí: ṣé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run yóò gbà là níkẹyìn, àbí àwọn kan yóò wà nínú ìyà títí láé? Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá, owó ló kàn. Èyí kan àwọn òkú wa.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbé e wọ kíláàsì. Ó ti ka ìtàn Carlton Pearson, gbajúgbajà oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì ní ìlú Tulsa ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tẹ̀ lé. Pearson sọ pé òun jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n, òun ń wo àwọn tí ogun lé kúrò ní Rwanda, àwọn ọmọ tí ebi ti fi egungun wọn hàn síta, òun sì ń bi Ọlọ́run pé ṣé lẹ́yìn gbogbo èyí, iná ló tún kàn fún wọn. Láti ìgbà náà ló ti ń wàásù pé Kristi ti ra gbogbo ayé padà, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ní 2004, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Pẹ́ńtíkọ́sì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ ní aládàámọ̀. Èrò tú kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìjọsìn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí tó fi kú ní 2023.

Ọ̀dọ́kùnrin yìí sọ ìtàn náà tán, ó wá kọjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló sọ tí kò sí nínú Bíbélì?”

Kí n tó la ẹnu, ìyá kan ti dá a lóhùn. “Ọmọ mi, ṣé o ò ka Mátíù ni?”

“Mo kà á, mà. Ṣé ẹ̀yin náà ti ka Róòmù?”

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò sẹ́ni tó ń dá ẹnì kejì lóhùn. Ẹnì kan á gbé adágún iná inú Ìfihàn 20 kalẹ̀. Dípò kí èkejì fèsì sí i, Kólósè 1:20 ni yóò gbé kalẹ̀ tirẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní Ọlọ́run yóò tipasẹ̀ Kristi bá ohun gbogbo làjà, ti ayé àti ti ọ̀run. Èkíní á ní, “Hébérù 9:27 ńkọ́, pé lẹ́yìn ikú, ìdájọ́ ló kàn?” Èkejì á ní, “Fílípì 2:10 ńkọ́, pé gbogbo eékún ni yóò wólẹ̀ ní orúkọ Jésù?” Ńkọ́, ńkọ́, ńkọ́, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a bá parí, kálukú á lọ sílé pẹ̀lú ohun tó gbé wá gan-an.

Mo bá ṣe òfin kan. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbèjà ìhà tirẹ̀ mọ́ títí yóò fi kọ́kọ́ gba ẹjọ́ ìhà kejì rò, kó rò ó dáadáa débi pé àwọn tó ni ín yóò sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí à ń sọ gan-an nìyẹn.” Bí wọn kò bá tíì gbà, kó tún un rò. Àwọn kan bínú. Ẹnì kan ní òun kò lè fi ẹnu òun gbèjà àdámọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbà á gbọ́, ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ti ń wàásù ìdájọ́ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìgbàlà gbogbo ayé bọ́ sí i lọ́wọ́. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n ṣí Róòmù 5:18, wọ́n sì kà á: nípa ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, ìdálẹ́bi dé bá gbogbo ènìyàn; nípa ìwà òdodo ẹnì kan, ìdáláre dé fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ní, “Gbogbo ènìyàn ti apá kìíní yìí, gbogbo wa la gbà pé kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Ádámù rí wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti apá kejì wá ńkọ́? Ṣé Ádámù lágbára ju Kristi lọ ni?” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Bàbá gbójú sókè: “Ẹ má rò pé mo ti yí padà o!” Ẹ̀rín bẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin wa ni Mátíù 25:46 kàn. Mo rò pé yóò kà á gààràgà kó lè tètè bọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú ẹsẹ kan ṣoṣo yìí, Jésù fi ìyà àìnípẹ̀kun àti ìyè àìnípẹ̀kun lé orí òṣùwọ̀n kan náà. Ó ní bí òun bá sọ pé ìyà yẹn lópin, kí ló máa jẹ́ kí òun sọ pé ìyè yẹn kò ní í lópin? Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó fi sọ èyí. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ ọ́ ṣáájú òun. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ló sọ ọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn.

Augustine ni mo wá fi wọ ìtàn, nítorí mo rí i pé ìtàn ni kò sí lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Àwọn àgbà gbà pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni ìgbàlà gbogbo ayé, pé àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n bá àwọn wí lánàá òde yìí ló hùmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbà pé ṣe ni ìjọ fi pamọ́ fún wọn. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé kọkànlélógún iṣẹ́ ńlá tí Augustine kọ lórí Ìlú Ọlọ́run, ó dúró láti dá àwọn kan lóhùn tó pè ní aláàánú. Kì í ṣe kèfèrí ni wọ́n. Kristẹni ni wọ́n, wọn kò kàn lè gbà pé ìyà ẹnikẹ́ni kò ní í lópin. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, ó ní àwọn tó ń ronú bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an. Kò gbà fún wọn rárá, ó sì tako wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tó wú mi lórí ni ọ̀nà tó fi bẹ̀rẹ̀: ó ní ìjiyàn ìrẹ́pọ̀ ni òun fẹ́ bá wọn ṣe. Mo ka ibẹ̀ fún kíláàsì nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹnì kan ti pe ẹnì kan ní aṣojú Sátánì.

Ṣáájú Augustine, Origen ti wà ní Alẹkisáńdíríà, ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 185. Ó kọ́ni pé gbogbo ẹ̀dá tó ṣubú ni Ọlọ́run yóò mú padà bọ̀ sípò níkẹyìn. Ó di Ìṣe 3:21 mú, níbi tí Pétérù ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà ìmúpadàbọ̀sípò ohun gbogbo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gregory ti Nyssa, bíṣọ́ọ̀bù kan náà tó dúró gbọn-in fún ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Nígbà tí Basil ẹ̀gbọ́n Gregory kú, ó lọ bá Macrina ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kí wọ́n lè jọ sunkún, ó sì bá a lórí ibùsùn àìsàn tó pa á. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ sọ lórí ọkàn àti àjíǹde ló kọ sílẹ̀, Macrina sì ni olùkọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ni pé iná Ọlọ́run dà bí iná alágbẹ̀dẹ wúrà: ìdọ̀tí ló ń jó, kì í jó wúrà. Kò sí ìgbìmọ̀ ìjọ tó dá Gregory lẹ́bi. Ẹni mímọ́ ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ti Origen ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 543, Justinian, ọba ilẹ̀ Róòmù, gbé òfin jáde láti tako àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 553, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Konstantinópù ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn aládàámọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tó ti wọ ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá àpérò yẹn gan-an ló fọwọ́ sí ègún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n so mọ́ ọn, àti bóyá ìrètí fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n dá lẹ́bi tàbí ẹ̀kọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn pé ọkàn ti wà kí ara tó wà. Láti ìgbà náà wá, ìhà ìyà àìnípẹ̀kun ló ni ìjókòó iwájú. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Lateran ní 1215 sọ ọ́. Nígbà tí àwọn Lutheran kọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn ní Augsburg ní 1530, wọ́n ya gbólóhùn kan sọ́tọ̀ láti dá àwọn tó ní ìyà ẹni ègbé yóò lópin lẹ́bi. Ní 1853, F. D. Maurice, àlùfáà Áńgílíkà kan, pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ ní King’s College ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó béèrè ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ àìnípẹ̀kun yìí. Nítorí náà, òótọ́ ni pé ẹni tó bá bọ́ sí ìhà kejì ti ń sanwó rẹ̀ látìgbà pípẹ́. Pé ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni kì í ṣe òótọ́.

Àwọn kan á retí pé kí n wọ inú Gíríìkì báyìí, èdè tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, láti wo ohun tí ọ̀rọ̀ àìnípẹ̀kun túmọ̀ sí níbẹ̀. Mi ò ní wọ̀ ọ́. Mo ti rí i tí àwọn méjì tí kò lè kọ lẹ́tà Gíríìkì kan sílẹ̀ fi odidi ìrọ̀lẹ́ jà lórí rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ìjiyàn kan wà tí mo ti jáwọ́ nínú gbígbà wọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkíní ni èyí tó ń ti ẹnu àwọn ará ìhà ìyà àìnípẹ̀kun jáde jù: bí kò bá sí iná tí kò lópin, kí là ń wàásù fún, kí ló sì máa dí èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀? Wọ́n á ní àwọn tó ń kọ́ni ní ìgbàlà gbogbo ayé kàn fẹ́ jayé ni. Ẹ jẹ́ ká mú Origen. Ní 202, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, wọ́n pa bàbá rẹ̀ nítorí Kristi. Nígbà inúnibíni Decius, ọba ilẹ̀ Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 250, wọ́n mú Origen fúnra rẹ̀, arúgbó ni nígbà náà, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí igi ìdálóró. Kò sẹ́ Olúwa. Kò sì pẹ́ tó fi kú lẹ́yìn náà. Ẹni tó gbà pé gbogbo ayé ni yóò padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run ló ṣe èyí. Ta ló wá fẹ́ jayé nínú wa? Mo tún máa ń bi àwọn tó bá gbé e wá pé: bí wọ́n bá sọ fún ọ lónìí pé kò sí iná mọ́, ṣé wàá fi Jésù sílẹ̀? Ẹnu máa ń wọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ní òun kò ní í fi í sílẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìhà kejì ni mò ń tì lẹ́yìn. Èyí tí àwọn náà máa ń gbé wá ni: òbí rere wo ló máa sun ọmọ rẹ̀ níná? Ó dùn ún gbọ́, ó sì máa ń mú kí orí wú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó gbàgbé ọmọ kejì, èyí tí ọmọ àkọ́kọ́ ṣe níkà. Obìnrin kan wà nínú kíláàsì tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìwà ìkà tí wọ́n hù sí i kì í ṣe ohun tí mo lè kọ síbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òbí rere yìí, ó ní: “Ẹ̀yin tí wọn ò tíì ṣe níkà rí lẹ ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dájọ́. Èmi fẹ́ kó dá a. Mi ò sọ pé kó má parí o, ṣùgbọ́n kó dá a.” Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ sí i. Mo ní kí a ṣí Ìfihàn 6:10, níbi tí ọkàn àwọn tí wọ́n pa ti ń ké lábẹ́ pẹpẹ pé yóò ti pẹ́ tó. Igbe yẹn wà nínú Bíbélì, ẹ̀kọ́ ìgbàlà tí kò bá lè dúró níwájú rẹ̀ kò tíì dé ibi kankan.

Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ Gregory yé. Nítorí pé àwọn àgbà ìjọ ìgbà àtijọ́ tó retí ìgbàlà gbogbo ayé kò sọ pé iná kò sí. Wọ́n ní ó wà, ó sì gbóná, ó sì lè pẹ́ ju ohun tí ọkàn lè rò lọ; bí ìwà ìkà èèyàn bá ṣe tó ni ìrora rẹ̀ ṣe máa tó. Ìyàtọ̀ wọn sí Augustine kò ju ìbéèrè méjì lọ: kí ni iná náà ń ṣe, ṣé yóò sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Isaac ti Nínéfè ní ọ̀rúndún keje tilẹ̀ sọ pé ìfẹ́ gan-an ni pàṣán tó ń na àwọn tó wà ní ọ̀run àpáàdì, ìrora ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣẹ ìfẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, bàbá oníwàásù wa ní, “Ìyẹn le ju tèmi lọ.” Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ̀nà.

Ìhà kẹta tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: àwọn tó ní ẹni búburú kò ní í jìyà títí láé, kò sì ní í rí ìgbàlà, ṣe ni yóò parun pátápátá. Mátíù 10:28 ni wọ́n máa ń mú jáde, ibi tí Jésù ti ní kí a bẹ̀rù ẹni tó lè pa ọkàn àti ara run. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. John Stott, tí àwọn onígbàgbọ́ ajíhìnrere bọ̀wọ̀ fún káàkiri ayé, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1988 pé òun tẹ̀ sí ìhà náà, kò sì fi ṣe òfin fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, inú kíláàsì ni. Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá tó dá ọ̀dọ́kùnrin lóhùn níbẹ̀rẹ̀, èyí tó ní “ṣé o ò ka Mátíù ni”, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lójijì. Ọmọ náà kì í wá sí ìjọ. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ lójúkojú pé òun kò gbà gbọ́ mọ́. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ní ó ti lọ sinmi ní oókan àyà Olúwa. Gbogbo wa ṣe àmín. Àwọn tó le jù nínú kíláàsì, tó máa ń ní ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ Kristi kí ẹ̀mí tó bọ́ ti gbé, àmín tiwọn ló ròkè jù.

Nígbà tó yá, ìyá wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Wọn kò jókòó. Wọ́n ní, “Nínú kíláàsì, ẹ ní ẹni tó bá kú bí ọmọ mi ṣe kú ti gbé. Níbi ìsìnkú, ẹ ní ó ń sinmi. Ẹ̀yin kan náà ni. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?”

Mo ní, “Mà, èmi kọ́ ni onídàájọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé èmi kọ́.”

“Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.”

Òótọ́ ni, kì í ṣe ìdáhùn. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ ibi tó wà. Mo ní mo mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹni yẹn ló ní òun kò ní inú dídùn sí ikú ènìyàn búburú, Ìsíkíẹ́lì 33:11. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà fún un, kí wọ́n gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò bófin mu, kí wọ́n rán onítọ̀hún sí mi. A wá jọ ka Sáàmù 139, títí dé ibi tó ti ní, “bí èmi bá sì tẹ́ ẹní mi ní ipò òkú, kíyèsí i, ìwọ wà níbẹ̀.” Wọ́n ní kí n kọ orí àti ẹsẹ rẹ̀ sí ìwé pélébé kan fún àwọn. Wọ́n ní, “Èyí á tó fún òní.” Wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sí ìsìnkú. Mi ò tíì dé ibi tí oníwàásù kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí kó sọ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti lọ sí iná. A ní ẹ̀kọ́ kan fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ní òmíràn fún ibojì, a kò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Mi ò sọ pé kí oníwàásù máa dẹ́rù ba ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìkà ni yóò jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ níwájú ìyá olóòkú kò yẹ kó máa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu dídán nígbà tí kò sí òkú nílẹ̀. Mo sọ èyí fún kíláàsì. Ohùn àwọn kan rọlẹ̀, tàwọn kan kò rọlẹ̀.

Níbo lèmi wá wà? Wọ́n máa ń bi mí. Mo gbà pé ìdájọ́ wà, mo sì gbà pé èèyàn lè kọ Ọlọ́run, kó sì dúró lórí rẹ̀. Mi ò lè kọ́ni pé dandan ni kí gbogbo ènìyàn rí ìgbàlà, nítorí Mátíù 25 kò jẹ́ kí n lè ṣe é. Àmọ́ mo ń retí rẹ̀, mi ò sì tijú. Hans Urs von Balthasar, àlùfáà Kátólíìkì láti Switzerland, kọ ọ́ pé ó tọ́ kí Kristẹni retí ìgbàlà gbogbo ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ pé òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Póòpù Francis sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ítálì pé òun fẹ́ràn láti máa rò pé ọ̀run àpáàdì ṣófo, ó sì kìlọ̀ pé èrò ọkàn òun ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn kan bínú sí i. Èmi rò pé ohun tí 1 Tímótì 2 ní kí a ṣe ló ṣe. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní kí a máa gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé Ọlọ́run ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ní ìgbàlà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ẹnu bẹ Ọlọ́run fún ohun tí a ní kí ọkàn mi má retí.

Ọ̀dọ́kùnrin wa kò gbà fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ ò gbóná, ẹ ò sì tutù. Ìfihàn 3:16 ń wá yín.” Bàbá oníwàásù náà kò gbà, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n gbà wá: wọ́n ní bí mo bá fún èèyàn ní ìrètí tó ga tó báyìí, ẹnì kan yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé e, yóò sì sun ìrònúpìwàdà síwájú. Mo ní ó ṣeé ṣe. Mo ní àwọn tí mo mọ̀ tó ń sun ìrònúpìwàdà síwájú, ọ̀run àpáàdì tí kò lópin ni wọ́n gbà gbọ́ látìgbà èwe wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo gbọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wa. A ti fi ìwé Róòmù bẹ̀rẹ̀, orí kẹsàn-án la wà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun ìbá fẹ́ kí a gé òun kúrò lọ́dọ̀ Kristi nítorí àwọn ará òun. Bàbá ti yẹ ibi tí à ń lọ wò níwájú, wọ́n ti rí 11:32, pé Ọlọ́run sé gbogbo wọn mọ́ inú àìgbàgbọ́ kó lè ṣàánú fún gbogbo wọn. Wọ́n ti ń halẹ̀ pé àwọn kò ní í wá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti fún wọn lésì pé àwọn gan-an ni yóò kọ́ wa.